Eulalie Prejean, Ẹni Tó Bá Ọkọ̀ Ojú Omi Jà ní Cozumel

Gbogbo ẹni tó mọ Eulalie Prejean ní Galveston, ní Amẹ́ríkà, ló ní ìtàn tirẹ̀ nípa ìbínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni ti ọjọ́ tó jókòó lórí báàgì rẹ̀ ní èbúté Cozumel, erékùṣù kan lókè òkun, tó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi sọ̀kalẹ̀ wá bá òun.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti rọ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń wòran. Nísàlẹ̀, Alcide, àbúrò Eulalie, wà lórí ibùsùn onítáyà, ó di ikùn mú, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú. Dókítà inú ọkọ̀ ní ìfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì ló ti wú nínú rẹ̀, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, àti pé àwọn ò lè ṣe é nínú ọkọ̀. Wọ́n ti pe ọkọ̀ ọsibítù, kò tíì dé. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Aago márùn-ún ni ọkọ̀ ojú omi máa ṣí.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí wúrà wà léjìká rẹ̀, ló dúró síwájú Eulalie.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sínú ọkọ̀. Àwọn èèyàn wa tó wà nílùú á mójú tó àbúrò yín. Ẹ̀yin ò ní pásípọ́ọ̀tù. Tá a bá fi yín sílẹ̀ níbí, kò sí bàálù tó máa gbé yín délé."

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Henrik, mà."

"Henrik, ṣé o ní àbúrò?"

"Mo ní, mà."

"Tí ikùn bá ń run ún, ṣé wàá gbé e fún àwọn tí o ò mọ̀ rí, kó o sì padà lọ ta tẹ́tẹ́ bíńgò?"

Henrik wo ilẹ̀.

"O ṣeun. Èmi náà ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́ta nínú oúnjẹ tí mo ti sanwó ẹ̀. Ẹ bá mi dì í."

"Oúnjẹ wo, mà?"

"Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ti èèyàn méjì. Tí ìwọ ò bá lè dì í, pe ọ̀gá ẹ wá."

Alcide gbé orí sókè díẹ̀ láti orí ibùsùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Dákẹ́. Aláìsàn ni ẹ́."

Ọ̀gá ọkọ̀ kò sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn alásè sọ̀kalẹ̀. Bí ọkọ̀ ọsibítù ṣe ń dé ni wọ́n ń gbé páálí oúnjẹ bọ̀: búrẹ́dì, ede, ẹran sísun, àti odindi kéèkì ọjọ́ ìbí Eulalie tí wọ́n ti yan pamọ́ fún ọjọ́ kejì. Kò sí àyè mìíràn nínú ọkọ̀ ọsibítù náà. Bẹ́ẹ̀ ni Alcide ṣe wọ ìlú Cozumel: ìfun rẹ̀ fẹ́ bẹ́, kéèkì alájà mẹ́ta wà lórí itan rẹ̀.

Àwọn tó wà lókè pàtẹ́wọ́. Eulalie gbójú sókè sí wọn.

"Kí lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Ẹ lọ wo bóyá ẹ̀yin ní pásípọ́ọ̀tù!"

*

Kì í ṣe pé inú Eulalie kì í dùn. Inú rẹ̀ máa ń dùn gan-an, bó bá ti rí nǹkan tó bí i nínú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Galveston. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí ọmọ kan tó dìde dúró nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Àwọn kan nínú wọn ti di bàbá àgbà báyìí, síbẹ̀ bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ ní ọjà, wọ́n á wá ibì kan jókòó.

Ó kọ lẹ́tà sí ọkùnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ìjì tó ní ó ń bọ̀ kò dé, Eulalie sì ti kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjì dé lóòótọ́, ó ká òrùlé ilé mẹ́rin ní àdúgbò. Ó tún kọ lẹ́tà sí ọkùnrin kan náà: èyí kọ́ ni òun ní kó mú wá.

Ó dá fáànù padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kì í pariwo, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Páálí náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbé tuntun fún un, ó sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé òun dán fáànù àtijọ́ náà wò, kò pariwo tó ẹni tó gbé e wá.

Alcide ni gbogbo ìjà yìí ń ṣojú ẹ̀. Iṣẹ́ títún aago ṣe ló ń ṣe, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, Eulalie gbé bọ́ọ̀sì wá sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Kò bi í bóyá ó fẹ́. Alcide fẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í ni, ì bá ní òun ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ìbí Eulalie, ìyẹn kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú.

Abúlé kan láàárín oko ìrèké ní Louisiana ni wọ́n bí i sí, lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, nítorí ọsibítù tó wà nílùú kì í gba aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn. Agbẹ̀bí tó gbà á sílẹ̀, Ma Zénobie, fi ẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́fà lọ sí ọ́fíìsì kan kí wọ́n lè kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. "Eulalie," ni obìnrin náà wí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè, kò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kọ ni "Ulysse Prejean, ọkùnrin." Ma Zénobie kò mọ̀wé kà. Ó gba ìwé náà, ó dúpẹ́, ó tún rin máìlì mẹ́fà padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọmọ ọ̀sẹ̀ kan di ẹlòmíràn, torí pé kò wu akọ̀wé kan láti gbé ojú rẹ̀ sókè.

Láti ìgbà tí Eulalie ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìjọba ti ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sígbà tí wọ́n ní àwọn ò mọ ọ́n nígbà náà. Ìgbà tó tó àkókò láti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ gba owó tirẹ̀, ni wọ́n wá sọ fún un pé wọn ò bí ẹnì kankan tó ń jẹ́ Eulalie Prejean. Ulysse ni wọ́n bí.

Akọ̀wé tó bá pàdé lọ́tẹ̀ yìí tiẹ̀ ṣe sùúrù. Ó bi í pé, "Mà, ṣé ẹ mọ ibi tí Ulysse wà báyìí?"

"Ó dúró níwájú ẹ," ni Eulalie wí, "ó sì fẹ́ gbá ẹ létí."

Ọdún mẹ́rin ló fi jà. Wọ́n ní kó mú ẹni méjì wá tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Gbogbo wọn ti kú. Wọ́n ní kó mú ìwé ìrìbọmi wá. Iná ti jó ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń wakọ̀ lọ sí Louisiana, ó ń wakọ̀ bọ̀, Alcide jókòó tì í, fáìlì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, títí adájọ́ kan fi wo gbogbo rẹ̀, tó sì ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n kọ Eulalie, obìnrin, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ yẹn ni Eulalie búra nínú ọkọ̀ pé ọ́fíìsì kankan kò tún ní bi òun ní ìwé mìíràn láyé yìí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ rìnrìn àjò láti fi ṣọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀, Alcide lọ gba fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù méjì. Ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára kún tirẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Eulalie rí i.

"Ṣé ìwọ náà ò gbà pé wọ́n bí mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ni mo kún."

"Ṣé kí ìwọ máa yan kọjá, kí wọ́n wá dá èmi dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ya á."

Alcide ya á.

Obìnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, Marvelle Guidroz, ṣàlàyé fún wọn dáadáa. Ó ní òfin gbà wọ́n láyè: ọkọ̀ tó bá ti èbúté Galveston lọ, tó sì máa padà sí Galveston, ìwé ìbí àti káàdì tó ní fọ́tò ti tó fún ọmọ Amẹ́ríkà. "Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà, mà, pásípọ́ọ̀tù nìkan ló lè gbé yín wọ bàálù."

"Bíi kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Àìsàn. Tàbí kí ọkọ̀ fi yín sílẹ̀."

"Ọkọ̀ wo? Ó tó bẹ́ẹ̀?"

*

Ilé ìwòsàn Clínica Santa Rosalba ni wọ́n gbé Alcide lọ. Obìnrin kan wà lẹ́yìn káńtà níbẹ̀ tó tún èékánná rẹ̀ ṣe dáadáa.

"Pasaporte, señora."

Eulalie tẹ́ ìwé ìbí méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù. Èyí kàn sọ pé wọ́n bí yín ni."

"Ṣé wọn ò bí ìwọ ni?"

"Señora, láìsí pásípọ́ọ̀tù, kọ̀ǹpútà ò ní gba orúkọ wọn."

"Kọ̀ǹpútà ló fẹ́ là á ni? Pe ẹni tó máa là á wá!"

Ariwo yìí ló mú dókítà jáde. Obìnrin kúkurú kan ni, Itzel Canché lorúkọ rẹ̀, ìbọ̀wọ́ kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ikùn Alcide, Alcide sì ké. Dókítà yọ ìbọ̀wọ́ kúrò lẹ́nu, ó kọjú sí obìnrin ẹ̀yìn káńtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Sípáníìṣì bú u. Ó bú obìnrin náà, ó bú kọ̀ǹpútà, ó bú ẹni tó ra kọ̀ǹpútà. Eulalie kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan tí kò yé e. Ó dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

"Mo fẹ́ràn obìnrin yìí," ó sọ fún Alcide.

Ni dókítà bá yíjú sí òun náà, ó sọ ọ́ ní èdè tó yé e. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni ikùn ti ń run wọ́n?"

"Ọjọ́ méjì."

"Ọjọ́ méjì! Kí lẹ fún wọn?"

"Ọtí atalẹ̀. Mo ní ede ló jẹ jù."

"Ede! Ṣé dókítà ni yín ni? Ọjọ́ méjì ni ìfun fi ń wú, ẹ ń pè é ní ede! Ká ní wákàtí mẹ́rin sí i ni, òkú lẹ̀ bá gbé wá fún mi!"

Alcide, tí wọ́n ti ń tì lọ, ń dúró de èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí Eulalie báyìí tí kò gba tirẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí, ó gbọ́ tí táyà ń yí. Ohun tó gbẹ̀yìn tó gbọ́ kí wọ́n tó fún un lóògùn oorun ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fọhùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á.

Lọ́jọ́ kejì ni Doña Chelo, tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, wá sọ ìyókù fún un. Ère Màríà Wúńdíá kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni Eulalie lọ kojú.

"Ó na ìka sí i báyìí," ni Doña Chelo wí. "Ó ní, 'Èmi ni mo ní ede ni. Èmi ni mo ní kó ya fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ bá jà, èmi nìyí, sọ̀kalẹ̀ wá. Àbúrò mi ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí. Fi í sílẹ̀!' Ó ń sunkún, ó sì ń bú u. Mo gbé àga fún un, kò jókòó."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Dókítà jáde wá, ó ní ẹ ti yè. Ni ẹ̀gbọ́n yín bá gé kéèkì fún gbogbo wa, títí kan obìnrin ẹ̀yìn káńtà. Ó wá fi gèlè rẹ̀ nu ẹsẹ̀ Wúńdíá náà, ó ní eruku ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé ta ló ń gbálẹ̀ ilé yìí? Èmi sì dúró níbẹ̀ tèmi tìgbálẹ̀."

*

Ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà tó súnmọ́ wọn jù wà ní Playa del Carmen, ní òdìkejì omi. Kí Eulalie tó lọ síbẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù, ó ní láti ya fọ́tò. Don Eligio, ayafọ́tò kan lẹ́bàá èbúté, ló yà á.

"Señora, òfin ní kí ojú èèyàn wà bó ṣe máa ń wà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú."

Ó ya àkọ́kọ́, ó wò ó, ó mi orí. Ó ya èkejì. Ó ní kó ronú nípa nǹkan tó dùn. Eulalie ronú nípa ọjọ́ tó dá fáànù padà. Ìkẹta tó yà wá burú ju èkejì lọ. Nígbà tó di ìkẹsàn-án, Don Eligio kó gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní kó mú èyí tó bá wù ú, òun ò gba kọ́bọ̀, kó ṣáà máa lọ.

Omi ru lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa sọdá, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti bá ẹni tó ń wa ọkọ̀ jà lórí bó ṣe ń wà á, òun tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló mọ̀. Ìyáàfin Whitlow, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà, ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní òun mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ó ní wọ́n máa ní kí Alcide wá fúnra rẹ̀ wá fọwọ́ síwèé, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fẹ́ kó gun omi yìí, kí wọ́n wá mú orúkọ tí wọ́n máa kọ sórí sàréè rẹ̀ wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa, torí òun mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ! Ó sọ ti owó orí. Ó sọ ti máìlì mẹ́fà. Ó sọ ti ọsibítù tí kò gba ìyá rẹ̀. Nígbà tó mí, Ìyáàfin Whitlow rí àyè.

"Mà, àwa la máa ń lọ bá ẹni tó bá wà ní ọsibítù. Mo ti kọ orúkọ Bàbá Alcide sílẹ̀ fún ọ̀la. Dókítà Canché ti pè mí láàárọ̀."

Eulalie wò ó. "Kí ló dé tó o jẹ́ kí n máa pariwo láti ìgbà yìí?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mà."

Ó wá mú ìwé ìbí Eulalie, ó kà á. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí adájọ́ ti ní kí wọ́n fa igi lé Ulysse, kí wọ́n kọ Eulalie. Ó fi ìka tọ ìlà náà. Eulalie gbá báàgì rẹ̀ mú, ó ti múra ìjà sílẹ̀.

"Tiyín tiẹ̀ dára," ni Ìyáàfin Whitlow wí. "Ìyá mi àgbà ò rí ìwé kankan gbà títí tó fi kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í lọ́jọ́ orí, á ní kí wọ́n bi ìjọba."

Eulalie jókòó.

Nígbà tó padà dé Cozumel, ó bá Alcide lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu omi ẹran. Ó yọ fọ́ọ̀mù méjì láti inú báàgì, ó tẹ́ wọn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dáa. Tìẹ ló dáa. Bó o ṣe kún ìyẹn lọ́jọ́sí, ó mọ́ gan-an. Bá mi kún tèmi náà."

Alcide mú bírò. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti tọrọ àforíjì, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbójú sókè wo ojú rẹ̀ nísinsìnyí, ìjà ni.

"Orúkọ yín?" ó bi í.

"Ṣé o ti gbàgbé ni?"

"Òfin ní kí n bèèrè."

"Eulalie," ó wí. "Kọ ọ́ kó yé wọn."

*

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n wọ bàálù. Ní pápákọ̀ òfuurufú ní Houston, Eulalie ti to gbogbo ìwé rẹ̀ sọ́wọ́, ti àkọ́kọ́, ti adájọ́, ti dókítà. Ó ti múra ohun tó máa sọ láti inú bàálù, Alcide sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn dígí wo pásípọ́ọ̀tù tuntun náà, ó lu òǹtẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, mà."

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán, mà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi rí oorun sùn dáadáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, kò rí ẹni tó máa gbà á.

Nígbà tó yá, ó rí ibi tó máa kó o dà sí. Gbogbo Sátidé, bí àwọn èèyàn ṣe ń tò sórí ìlà ní èbúté Galveston láti wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́, Eulalie á ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà àti fìlà òòrùn rẹ̀.

"Pásípọ́ọ̀tù yín dà?"

"Ìwé ìbí ti tó, Màmá. Wọ́n ní ó tó."

"Ó tó láti lọ. Ṣé ó tó láti padà bọ̀? Ṣé ẹ ní àbúrò?"

Ó ba ìgbádùn ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní èbúté. Lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kó máa lọ sílé. Ìgbà kẹta, wọ́n gbé àga fún un. Obìnrin kan tó ti bú u lójúkojú lórí ìlà fi káàdì ránṣẹ́ sí i: ẹsẹ̀ ọkọ òun kán ní Jàmáíkà, pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n lọ gbà nítorí ariwo Eulalie ló gbé àwọn délé. Eulalie ka káàdì náà tán, ó ní ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ máa wo ilẹ̀.

Ó pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin nígbà tí àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ọsibítù Galveston ni wọ́n dá a dúró sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn nọ́ọ̀sì fi ìbò mú ẹni tó máa wọ yàrá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá rọlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan, ọmọbìnrin kan gbé ọbẹ̀ wá fún un, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Eulalie tọ́ ọ wò.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó wí. "Ó dùn."

Alcide gbé ojú sókè láti ibi tó jókòó. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó tutù bí omi kànga. Ó rọra dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orí lé ògiri, ó sì sunkún, nítorí ó ti yé e.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó padà wọlé, ó gbé abọ́ náà, ó sì gbé e lọ síbi tí àwọn nọ́ọ̀sì wà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ọbẹ̀ yìí ti tutù."

Kò sí ẹni tó gbọ́. Ó tún un sọ. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹnì kan ń kọ̀wé, kò gbójú sókè. Bóyá àìgbójúsókè yẹn ni. Alcide, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, gbé abọ́ náà sókè, ó sì jan án mọ́ káńtà débi pé ọbẹ̀ ta sára ìwé.

"Mo ní ó tutù! Ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbé e fún! Ẹ wo ojú mi nígbà tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀! Ta ló máa gbé òmíràn wá?"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Láti inú yàrá kejì, ohùn tín-ín-rín kan jáde wá.

"Alcide! Ké sókè sí i! Àwọn tó wà lájà kejì ò tíì gbọ́!"

Wọ́n gbé òmíràn wá, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Alcide jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣíbí kan. Ó gbé e mì, ó sì fa ojú ro.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù," ó ní.

Inú Alcide dùn. Ó bu ṣíbí kejì.